Ọkùnrin Tó Ń Kí Ẹ̀rọ

"Ta ló sọ fún wọn pé ọkọ mi máa ń kí ẹ̀rọ?"

Rachael dúró sáàárín pálọ̀, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Uswat Sànyà, òǹkọ̀wé, ẹni tó nilé, tẹjú mọ́ ife tíì tó ti tutù níwájú rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ń fi etí ìró nu ọwọ́ tó ti gbẹ tipẹ́. Ọlámijùlọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń tẹ ìwé Uswat sínú kọ̀ǹpútà, ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀.

Nídìí fèrèsé, Shukurat Gbọ́láhàn ń ta lúdò lórí fóònù rẹ̀. Òun nìkan ló ń ta fún àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síbẹ̀ ó ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ. Ó ti ṣe ọlọ́pàá n'Íkẹjà rí kí òun àti ọ̀gá rẹ̀ tó tú ká. Ní báyìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú fún ló ń wá a.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e dé Ifákọ̀-Ìjàyè láàárọ̀ yìí kò ṣòro láti rò. Suara, ọkọ Rachael, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oníke kan l'Ágége. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń lọ ike fa ọmọkùnrin kan wọlé tapátapá, ó sì kú. Ilé iṣẹ́ ní àìgbọràn ọmọ náà ló pa á. Suara wà níbẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n tú ìdérí ẹ̀rọ náà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ẹni méjì péré ló sọ fún: ìyàwó rẹ̀, àti Uswat, tó ń kọ ìwé ìtàn nípa irú ikú bẹ́ẹ̀. Uswat búra fún un pé orúkọ rẹ̀ kò ní jáde lẹ́nu òun láé.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Suara yẹ kó sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ti wá a délé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé fo ògiri, kò sì tíì padà wá.

"Ó pè mí," ni Rachael wí. "Ó ní òun kò ní yọjú síbì kankan títí òun á fi mọ ẹni tó ta òun. Bí kò bá sì yọjú lọ́jọ́ Ajé, ìyá ọmọ tó kú yẹn ti pòfo nìyẹn."

"Ṣé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè?" ni Shukurat bi í, kò gbé ojú kúrò lórí lúdò.

"Wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ. Wọ́n kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní èwo nínú wọn ló máa ń kí ẹ̀rọ láàárọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé Suara ni? Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é. Ó ní wọ́n ti rọ ẹ̀rọ ọ̀hún kí wọ́n tó bí òun. Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò wa bá a wí títí. Suara ní, 'Àfáà, ìkíni ni, kì í ṣe ìjọsìn.'"

Ọlámijùlọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú obìnrin náà, ó gbé e mì.

*

Uswat mú Shukurat wọ yàrá tó ti ń kọ̀wé. Kò sí àwòrán kankan lára ògiri. Aṣọ ni wọ́n fi ìṣó kọ́ síbẹ̀: agbádá tó ti ṣá, yẹ̀rì ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, hìjáàbù aláwọ̀ ewé, ṣòkòtò iṣẹ́ tí epo ta sí lórúnkún.

"Àwọn ènìyàn mi nìyẹn," ni Uswat wí. "N kì í kọ ẹni tí n kò bá tíì gbé wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń jẹ́ ẹni náà. Ohun tó ń jẹ ni mò ń jẹ. Bó ṣe ń rìn ni mò ń rìn. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pè mí ní Uswat nínú ilé yìí."

"Tàbí kí wọ́n kí yín bí àgbà?"

"Nígbà tí mo ń ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, Moyọ̀sọ́lá ń rán mi níṣẹ́, mo sì ń sá lọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Yíyá ni iṣẹ́ mi. Mo máa ń yá ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, mo máa ń yá ikọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́wọ́ Suara, ìbẹ̀rù ni mo yá. Làmídì lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Suara kúrú, Làmídì ga. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Suara, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Làmídì. Suara ń lọ ike, Làmídì ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ìyá tó bí Suara kò lè dá a mọ̀ níbẹ̀."

"Kíkí ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́! Ohun tí n óò kọ́kọ́ yọ nìyẹn. Kò sí níbì kankan nínú ìwé náà, torí òun gan-an ni wọn á fi mọ̀ ọ́n." Ó jókòó sórí ibùsùn. "Shukurat, mo ti ń kọ̀wé láti ìgbà tí irun mi dúdú. N kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó ṣe èyí fún mi, inú ilé mi ló ti ṣe é."

*

Lórí àtẹ̀gùn, Shukurat dá Ọlámijùlọ dúró.

"Ìwọ nìkan lo rí ìwé náà."

"Àǹtí, bí mo bá fẹ́ ta ìwé, ṣé èyí tí wọn ò tíì kọ parí ni n óò tà?"

"Kí ni Làmídì ń ṣe nínú rẹ̀?"

"Búrẹ́dì. Àǹtí, búrẹ́dì! Bí mo bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ónígbòǹgbò báyìí, ebi á máa pa mí."

"Ẹ̀rọ wo ló máa ń kí?"

Ojú ọmọkùnrin náà dà bí ojú ẹni tí wọ́n béèrè ọ̀nà òṣùpá lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ẹ̀rọ? Làmídì? Kì í kí ìyàwó rẹ̀ pàápàá."

Shukurat jẹ́ kó máa lọ. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Uswat, ó yẹ ibi tí Làmídì wà wò. Òótọ́ ni. Ẹni tó ka ìwé náà lákàsórí kò lè rí Suara níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí kò kà á. Ó fojú rí i ni. Nínú ilé yìí, lọ́sẹ̀ tí Uswat fi jẹ́ Làmídì, ojú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ti Moyọ̀sọ́lá.

*

Kẹ̀kẹ́ ló gbé Shukurat dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà l'Ágége. Òórùn ike jíjó gba gbogbo àdúgbò. Ó dì mọ́ àpò kan bí ẹni tó fẹ́ tajà.

"Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tuntun wọlé tajà," ni ọkùnrin ẹnu géètì wí. "A ti ní ẹni tó ń gbé mọ́ínmọ́ín àti sóbò wá."

"Ta ni?"

"Màmá kan báyìí. Ifákọ̀ ló ti ń wá. Ẹlẹ́mìí méje ni mọ́ínmọ́ín rẹ̀, kì í fi ẹyin ṣe wá ní màgòmágó. Àwọn ọ̀gá gan-an ń ránṣẹ́ sí i. Moyọ̀ là ń pè é."

Shukurat sọ àpò náà kọ́ èjìká, ó pe kẹ̀kẹ́ padà. Ohun tí kò fẹ́ rí ló rí yìí.

Nígbà tó padà dé, kò tíì parí gbólóhùn rẹ̀ tí Uswat fi dìde.

"Nílé iṣẹ́ yẹn? Moyọ̀sọ́lá, lọ́wọ́ àwọn tó pa ọmọ ọlọ́mọ lo ti ń jẹun?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń tà fún, ẹ̀gbọ́n mi. Ebi ń pa àwọn náà."

"Àwọn ọ̀gá wọn ńkọ́?"

"Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló ń ra mọ́ínmọ́ín."

"Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ fún mi?"

"Torí ẹ óò ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe yìí!" Moyọ̀sọ́lá so ìró rẹ̀ le. "Ẹ̀yin á jẹ́ ẹni tó bá wù yín ní ọ̀sẹ̀ tó bá wù yín. Lónìí ọmọdé, lọ́la awakọ̀. Èmi, Moyọ̀sọ́lá ni mo jẹ́ lójoojúmọ́, èmi ni mo sì ń wá ohun tí gbogbo wọn máa jẹ. N kò sọ nǹkankan fún ẹnikẹ́ni."

"Ìwọ nìkan lo rí mi nígbà tí mo jẹ́ Làmídì. Ìwọ nìkan!" Uswat kò pariwo mọ́. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé Rachael sún mọ́ ọn kó tó gbọ́. "Ìgbà tí ọkọ rẹ kú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ lé ọ, yàrá ta lo sùn? Mo kọ́ ilé sí ọkàn mi fún ọ. O wá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún olè. Kó ẹrù rẹ."

Moyọ̀sọ́lá wo Shukurat, bí ẹni tó ń retí pé kó sọ nǹkan. Shukurat wo fóònù rẹ̀. Obìnrin náà wọ yàrá, ó ń kó aṣọ sínú báàgì, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń kó o láti pálọ̀ títí ó fi jáde.

Rachael ti fa fóònù yọ. "Ṣé kí n sọ fún Suara pé a ti mọ̀ ọ́n?"

"Dúró ná, Ìyá Ànú," ni Shukurat wí fún Rachael. Ó ti ṣí lúdò rẹ̀, kò sì ta á. "Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn, ṣé ó fi bí ọkọ rẹ ṣe ń kí ẹ̀rọ hàn yín?"

"Ó fi hàn kẹ̀! Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ará ilé."

"Ṣe é kí n rí i."

Rachael gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí táìsì, eékún méjèèjì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ògiri. "'Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú sí mi lónìí.' Àwọn ọmọ láńlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín títí."

"Ṣé bí Suara ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

"Ká má rí i! Ọkùnrin á wá máa kúnlẹ̀? Ó máa ń tẹ̀ ba, á fọwọ́ kan ilẹ̀, bí gbogbo ọmọkùnrin ṣe ń kí àgbà. Níbi iṣẹ́ gan-an, nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ, wọ́n ní kò sírú rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ìkíni Suara ni wọ́n ń wí."

Shukurat ti sáré sọ̀kalẹ̀. Ó bá Moyọ̀sọ́lá lẹ́nu géètì, ó jókòó sórí báàgì rẹ̀, ó ń wo ojú pópó, kò sì dúró de kẹ̀kẹ́ kankan.

"Màmá, ẹ dárí jì mí, ìbéèrè kan ló kù. Lọ́sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín fi jẹ́ Làmídì, ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń kí?"

"Bíléńdà mi." Moyọ̀sọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Láràárọ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ ata, wọn á ní kí n dúró ná. Wọn á tẹ̀ ba nínú ṣòkòtò yẹn, wọn á fọwọ́ kan ilẹ̀."

"Wọn kì í kúnlẹ̀?"

"Kúnlẹ̀ bí kí ni? Ọkùnrin ni wọ́n jẹ́ lọ́sẹ̀ náà! Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, mo ní 'ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá jẹun.' Wọn ò dá mi lóhùn títí mo fi pè wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Làmídì."

Shukurat gbé báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ padà sókè. Kì í ṣe ẹ̀yin."

*

"Bó bá jẹ́ Moyọ̀sọ́lá ló sọ fún wọn," ni Shukurat wí ní pálọ̀, "ọwọ́ kíkàn ilẹ̀ ni wọn ì bá béèrè, torí ohun tó rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Suara ni, ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kúnlẹ̀ ni wọ́n béèrè. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀ kíni. Nítorí náà, obìnrin ni wọ́n rí tó ń kí ẹ̀rọ. Aṣọ obìnrin ló wọ̀, ó sì wà láàárín àwọn ẹni ọ̀wọ̀ tí kò lè tẹ̀ ba bí ọkùnrin lójú wọn." Ó yíjú sí Uswat. "Màmá, níbo lẹ ti kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ?"

"Orí rẹ pé, àbí kò pé? N kò kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ kankan láyé mi."

Shukurat wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi irọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìkẹjà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń mí. Èyí kì í ṣe irọ́. Obìnrin yìí gba ohun tó ń sọ gbọ́ látọkànwá, ohun tó sì ń dẹ́rù ba Shukurat nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

"Ẹ gbé ìborùn yín," ló wí. "Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọ̀nyẹn kì í ṣe òǹkàwé. Ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n wò ó nínú fídíò ni, ibi tí wọ́n sì ti ń ta gbogbo ohun tí à ń wò kò jìnnà. Ìyá Ànú, mú fóònù rẹ dání."

*

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n lọ sí Computer Village. Moyọ̀sọ́lá ń rìn lẹ́yìn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà ní òpópónà Òtìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe fi gbé orí sókè, tó sì lu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ léjìká.

"Wò ó! Màmá Ẹ̀rọ!"

Lójú ẹsẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má bínú sí mi lónìí!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹnìkan tó ń ta ṣájà fóònù kúnlẹ̀ fún àpótí ọjà rẹ̀. Uswat rẹ́rìn-ín sí wọn, ó tilẹ̀ tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bí òǹkọ̀wé ṣe ń ṣe bí wọ́n bá dá a mọ̀ lójú ọ̀nà.

"Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwé mi wo lẹ kà?"

"Ìwé kẹ̀?" Abdulhakeem, tó ń ta tẹlifíṣọ̀n lódìkejì, ló dáhùn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tó tò jọ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń fi hàn. "Màmá, ẹ wòkè. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń lò yín polówó ọjà. Ẹni tó bá ń kọjá, dandan ni kó dúró. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ oníke kan wá ra méjì fún ọ́fíìsì wọn, ó ní kí n tún fídíò náà bẹ̀rẹ̀ kí òun rí i dáadáa."

Wọ́n wòkè.

Uswat Sànyà ló wà lójú gbogbo tẹlifíṣọ̀n náà, nínú léèsì aláwọ̀ sánmọ̀ àti gèlè, lórí pèpéle gbọ̀ngàn kan n'Íkẹjà. Àwọn àgbàlagbà tó dé fìlà jókòó síwájú. Àwọn ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ló pè é kó wá ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹ̀dá àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀.

"Ohun tó dùn jù lára ènìyàn," ni Uswat ojú tẹlifíṣọ̀n ń wí, "n kì í kọ ọ́. Ọkùnrin kan wà nílé iṣẹ́ oníke l'Ágége, ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo yí ojú rẹ̀ padà, mo yí ìlú rẹ̀ padà. Ohun kan wá wà tí mo yọ kúrò pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ẹ ò lè rí i nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó gbá etí léèsì rẹ̀ mú. Ó wo àwọn àgbàlagbà iwájú. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níwájú àpótí gbohùngbohùn ńlá tó wà lórí pèpéle, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú sí mi lónìí."

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

"Làmídì ni," ni Uswat wí nísàlẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. "Làmídì ni mo ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe... Làmídì ni."

Moyọ̀sọ́lá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rachael tẹ nọ́ńbà Suara, ó dúró títí wọ́n fi gbé e lódìkejì. Kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Abdulhakeem ti tún fídíò náà bẹ̀rẹ̀, Rachael sì na ọwọ́ sókè, ó gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu tẹlifíṣọ̀n.